Bí ẹ ṣe lè fojú rí nẹ́ẹ̀fù sympathetic lára òpó ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ

Nẹ́ẹ̀fù sympathetic (ara àwọn nẹ́ẹ̀fù tó ń darí iṣẹ́ ara tí a kì í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe) tó wà lára àwọn òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ kò ti inú ọpọlọ wá. Kókó nẹ́ẹ̀fù kan wà lókè ọrùn, nítòsí ibi tí òpó carotid, òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn, ti pín sí méjì. Láti ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ti ń gbéra, tí wọ́n á rọ̀ mọ́ carotid inú títí wọ́n á fi wọ agbárí. Noradrenaline, kẹ́míkà tí nẹ́ẹ̀fù fi ń ránṣẹ́, ló wà nínú wọn. Ásíìdì glyoxylic máa ń mú kí noradrenaline yìí tàn lábẹ́ máíkírósíkópù, òun la ó sì lò fún eku.

Ọjọ́ iṣẹ́ gan-an ni kí ẹ po ásíìdì náà: gíráàmù 2 sínú phosphate buffer (omi tí kì í jẹ́ kí pH tètè yí padà) 0.1 M tó jẹ́ mílílítà 100. Ásíìdì á fa pH, ìyẹn ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wálẹ̀, nítorí náà ẹ máa kán NaOH (sodium hydroxide) sí i díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé 7.0. Èyí tó bá sùn mọ́jú, ẹ dà á nù.

Ẹ gba àṣẹ ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó lílo ẹranko fún ìwádìí kí ẹ tó fọwọ́ kan eku kankan. Ẹ fún un ní oògùn oorun tó pọ̀ débi tí kò ní jí mọ́, kí ẹ sì fi omi iyọ̀ 0.9% tó tutù, tó ní heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) nínú, gba inú ọkàn rẹ̀ lápá òsì fọ ẹ̀jẹ̀ jáde. Mílílítà 100 sábà máa ń tó eku gíráàmù 250, ṣùgbọ́n ẹ má wo ìgò. Omi tó ń jáde ni kí ẹ wò, kó mọ́ gaara. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣẹ́kù ní serotonin, kẹ́míkà mìíràn tí nẹ́ẹ̀fù fi ń ránṣẹ́, nínú, nẹ́ẹ̀fù sympathetic á sì fà á mu. Ó ti mú kí àwọn èèyàn sọ pé àwọn rí nẹ́ẹ̀fù serotonin níbi tí kò sí.

Ẹ yọ ọpọlọ kíákíá, kí ẹ dá a dé kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sókè. Òrùka Willis, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó so pọ̀ bí òrùka nísàlẹ̀ ọpọlọ, á hàn, àti òpó basilar tó gba àárín lọ sẹ́yìn. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó so òpó mọ́ ọpọlọ ni kí ẹ̀mú yín dì mú, kì í ṣe òpó fúnra rẹ̀. Ibi tí ẹ̀mú bá tẹ̀ máa ṣókùnkùn, ẹ ó sì gbà pé nẹ́ẹ̀fù ò sí níbẹ̀.

Ẹ rẹ àwọn òpó náà sínú ásíìdì fún wákàtí kan, ẹ nà wọ́n sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, kí ẹ fi bébà afami fa omi ẹ̀gbẹ́ wọn. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ jù. Nígbà tí nẹ́ẹ̀fù ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó há noradrenaline mọ́ inú àwọn àpò kéékèèké. Tí ẹ bá gbé e wọ ófùn láìtíì gbẹ, noradrenaline á ṣàn jáde, gbogbo òpó á sì rí bí ìkùukùu aláwọ̀ ewé. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn tútù sí i títí kò fi ní dán mọ́ rárá, kí ẹ tó gbé e sínú ófùn 100°C fún ìṣẹ́jú 4. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, gbogbo ara òpó á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Òróró paraffin ni kí ẹ fi bò ó. Ohun tó bá lómi nínú á tún ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ náà ni kí ẹ wò ó.

Ìmọ́lẹ̀ tó sún mọ́ 405 nm ni kí ẹ tàn sí i. Nẹ́ẹ̀fù á hàn ní àwọ̀ búlúù tó fà sí ewé, bí òwú tí a sin ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sí, wọ́n á sì lọ́ mọ́ra bí àwọ̀n. Ìlà gbọọrọ tí kò ní ìlẹ̀kẹ̀, tó ń lọ ní tẹ̀léra-tẹ̀léra nísàlẹ̀ wọn, elastin ni, ìyẹn okùn tó ń jẹ́ kí ara òpó máa fà. Tí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ wo òpó kan tí ẹ kò rẹ sínú ásíìdì: elastin á ṣì tàn, nẹ́ẹ̀fù ò ní tàn.

Láti fi hàn pé ọrùn ni nẹ́ẹ̀fù náà ti wá, ẹ yọ kókó nẹ́ẹ̀fù ọ̀tún lára eku kan tó ti sùn fọnfọn, kí ẹ fún un ní ọjọ́ 7. Ìpénpéjú ọ̀tún gbọ́dọ̀ wálẹ̀ tó bá ti jí. Tí kò bá wálẹ̀, kókó náà ṣì wà níbẹ̀, ẹ má ka eku yẹn kún. Òpó àárín ọpọlọ (middle cerebral artery) lápá ọ̀tún á ṣókùnkùn, ti òsì á máa tàn. Ẹ má fi òpó tó wà láàárín gbùngbùn ọpọlọ, láàárín ọ̀tún àti òsì, ṣe ẹ̀rí, torí nẹ́ẹ̀fù ọ̀tún àti ti òsì jọ ń dé ibẹ̀, basilar sì tún ń gba tirẹ̀ láti kókó stellate nísàlẹ̀ ọrùn. Ẹ má sì dúró fún oṣù mélòó kan: nẹ́ẹ̀fù òsì lè hù kọjá sí ọ̀tún.

Noradrenaline ni ọ̀nà yìí ń fi hàn, kì í ṣe nẹ́ẹ̀fù fúnra rẹ̀. Eku tó bá ti gba reserpine, oògùn tó ń mú kí noradrenaline tán nínú nẹ́ẹ̀fù, nẹ́ẹ̀fù rẹ̀ á pé, síbẹ̀ ẹ ò ní rí nǹkan kan.