Bí a ṣe lọ wo òdòdó ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ní ọgbà Kew

Ọ̀pọ̀ wa tí a ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù máa ń dúró di oṣù Keje tàbí oṣù Kẹjọ kí a tó kó àwọn ọmọ jáde lọ ṣe fàájì. Ní tèmi, àárín oṣù Kẹta ni mo fẹ́ràn jù láti lọ sí ọgbà Kew, ọgbà ńlá tí wọ́n ń gbin igi àti òdòdó oríṣiríṣi sí ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Òtútù ṣì wà nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ igi ò sì tíì hu ewé, ṣùgbọ́n ohun tó mú kí òdòdó pọ̀ nílẹ̀ gan-an nìyẹn. Oòrùn ń rí àyè gba àárín ẹ̀ka kọjá dé ilẹ̀. Kí ewé tó bo orí igi tán, àwọn òdòdó kéékèèké yẹn á ti ṣe tiwọn tán.

Lọ́dún yìí, ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa. Ìdànrè ni wọ́n ti wá, inú òtútù ni wọ́n sì dé, tó jẹ́ pé ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń wo Lọ́ńdọ̀nù láti ìgbà náà. Mo pinnu pé ibi tí a bá máa lọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí Màmá náà á ti gbádùn ara wọn, kì í ṣe ibi tí wọ́n á kàn jókòó máa ṣọ́ báàgì fún wa.

Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí kò bá tíì pé ọdún 4 kì í sanwó, torí náà ọ̀fẹ́ ni àbíkẹ́yìn wa wọlé. Mo se jọ̀lọ́ọ̀fù, mo dín dòdò, mo kó o sínú fúláàsì, torí wọ́n gbà kí èèyàn gbé oúnjẹ tirẹ̀ wá jẹ lórí koríko. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ẹ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi mélòó kan léra, kó má jẹ́ kóòtù ńlá kan ṣoṣo lórí síńgílẹ́ẹ̀tì. Ẹ máa rí ìdí rẹ̀ tí mo bá dé ọ̀dọ̀ ilé onígíláàsì.

Dagenham là ń gbé, ìyẹn sì mú kí ìrìn náà rọrùn. Ọkọ̀ ojú irin District tó ń lọ sí Richmond la wọ̀, a ò sọ̀ títí a fi dé ibùdókọ̀ Kew Gardens. Ó lé ní wákàtí kan. Láti ibẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Victoria Gate, ìrìn díẹ̀ ni, Màmá sì rìn ín láìsinmi.

Ìdí òdòdó crocus la kọ́kọ́ gbà lọ. Inú koríko ló ti ń yọ, kò ga ju ìka ọwọ́ lọ, àwọ̀ àlùkò àti funfun lọ súà. Ṣùgbọ́n àárọ̀ la débẹ̀, gbogbo wọn padé pinpin. Àkọ́bí mi ní, “Mọ́mì, wọn ò tíì là.” Mo ní kó fara balẹ̀. Òdòdó yìí máa ń padé tí òtútù bá mú, tí oòrùn bá sì pa á dáadáa, á là. A máa padà wá lẹ́yìn oúnjẹ.

Màmá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó títí. Wọ́n bi mí pé báwo ni ohun ẹlẹgẹ́ báyìí ṣe jáde látinú ilẹ̀ tí yìnyín ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Mo ṣàlàyé pé kókó kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ti kó oúnjẹ pamọ́ láti ọdún tó kọjá. Wọ́n ní, “Ó yé mi. Bí iṣu inú àká ló rí. Ṣebí ìwọ náà mọ̀ pé tó bá ti di oṣù Kejì, iṣu á ta láìsí ilẹ̀, láìsí òjò. Oúnjẹ ara rẹ̀ ló ń jẹ.” Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni là á yé mi tó bẹ́ẹ̀ rí, àwọn ọmọ náà sì gbọ́ ọ yé.

A rí òdòdó daffodil, yẹ́lò rẹ̀ ń tàn lábẹ́ igi. A dúró lọ́dọ̀ igi magnolia, tó máa ń yọ òdòdó kó tó hu ewé. Àbíkẹ́yìn wa ń ṣa èèpo tó já bọ́ lára ìrudi rẹ̀, èyí tí irun múlọ́múlọ́ bò. Irun yẹn ló ń dáàbò bo òdòdó inú rẹ̀ lọ́wọ́ òtútù. Ó kó o kún àpò, mi ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí a jẹun tán, oòrùn ti yọ. A padà sídìí crocus, wọ́n ti là gbayawu! Àwọn fọ́nrán àárín rẹ̀ pọ́n bí ọsàn tó gbó. Oyin ti dé. Àkọ́bí mi dojú bolẹ̀ sétí ọ̀nà, ó ń wo oyin kan tó di ìyẹ̀fun yẹ́lò rùgùdù sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn méjèèjì. Lẹ́yìn òtútù, oúnjẹ tó kù nínú ilé àwọn oyin kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́, àwọn òdòdó tó tètè yọ yìí ló ń gbà wọ́n. Tí ẹ bá máa lọ, ẹ rí i pé ẹ dé ìdí crocus lọ́sàn-án.

Ìgbẹ̀yìn ni mo fi Palm House sí, torí ìgbà yẹn ni òtútù ti máa ń wọ ọmọdé lára. Ilé onírin àti gíláàsì ni, láàárín 1844 sí 1848 ni wọ́n kọ́ ọ, ooru inú rẹ̀ sì tó ti ilé wa ní Nàìjíríà. Bí a ṣe wọlé, ìkùukùu bo awò ojú Màmá, òórùn ilẹ̀ tútù gbà wá lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ kóòtù.

Màmá gba ipò iwájú. Wọ́n fi ọ̀pẹ han àwọn ọmọ, wọ́n ka epo, àdín, ẹmu àti ọwọ̀ tí a fi ń gbálẹ̀ fún wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìdí kòkó, ohùn wọn yí padà, torí oko kòkó ni bàbá wọn fi tọ́ wọn. Wọ́n tọ́ka sí òdòdó bíńtín tó yọ lára igi náà gan-an. “Ẹ ò gbọdọ̀ fa kòkó ya. Àdá la fi ń gé e jẹ́jẹ́, torí ojú ibi tó ti yọ yẹn náà ló tún máa ti yọ.” Wọ́n ní tí a bá là á, a ó kó hóró rẹ̀ sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, a ó bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ 6 kí a tó sá a, torí èyí tí a ò bá bò dáadáa kì í ní adùn ṣokoléètì. Yorùbá ni wọ́n fi sọ gbogbo rẹ̀. Àkọ́bí mi, tó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn nílé, fi Yorùbá béèrè pé, “Màmá, ṣé ẹ ti gé e rí?” Inú mi dùn débi pé mo ní láti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Igi kan tó jọ ọ̀pẹ wà níbẹ̀ nínú ìkòkò, Encephalartos altensteinii lorúkọ rẹ̀. Francis Masson, tó ń bá ọgbà Kew wá igi kiri, ló gbé e wá láti gúúsù Áfíríkà ní 1775. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé nígbà yẹn, Ọ̀yọ́-Ilé ṣì dúró, Aláàfin Abíọ́dún ló wà lórí oyè. Màmá kúnlẹ̀ díẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́ o, Bàbá.” Àwọn ọmọ náà kí i.

Oṣù Kẹrin ni àwọn igi cherry ibẹ̀ máa ń tanná. Màmá ti ní kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì míì kí wọ́n tó padà sílé.