Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Ìlú Kékeré

Bí ẹ bá fẹ́ kọ ìtàn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yín, ì báà ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Òdógbolú tàbí ní Ìpẹru, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti orí ife-ẹ̀yẹ. Ìwé ìpàdé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Sheffield FC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹwàá ọdún 1857, ni wọ́n kà sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó pẹ́ jù lọ láyé, bẹ́ẹ̀ ni kò gbá bọ́ọ̀lù rí nínú líìgì ńlá ilẹ̀ náà, ìyẹn Football League. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n kó ìwé òfin àti ìwé ìpàdé rẹ̀ àtijọ́ lọ sí gbàǹjo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2011, £881,250 ni ẹni tó rà á san. Ohun tí akọ̀wé kan fi tádàwà kọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé ló pa owó bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì opó akọ̀wé tó ti di olóògbé ni irú ìwé yìí máa ń wà, nítorí náà ẹ tètè dé ibẹ̀ kí àwọn ọmọ tó palẹ̀ ilé mọ́. Ẹ má sì ṣe fojú fo ìwé ètò ìsìnkú, torí pé nínú ìtàn ìgbésí ayé olóògbé ni ẹ ó ti rí ẹni tó jẹ́ aṣọ́lé, ẹni tó jẹ́ olórí ikọ̀, àti ẹni tó ń ra bọ́ọ̀lù.

Ọ̀rọ̀ ọdún ìdásílẹ̀ ló máa ń da wàhálà sílẹ̀ jù, ó sì ti kó ìtìjú bá èmi fúnra mi. Bàbá kan ní Ìjẹ̀bú-Òde sọ fún mi pé 1968 ni ẹgbẹ́ àdúgbò wọn bẹ̀rẹ̀, mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì ti pín ìwé náà kí n tó rí àwòrán kan lára ògiri ìyẹ̀wù rẹ̀. Ọmọkùnrin mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, àwọn kan dúró, àwọn kan jókòó, méje nínú wọn kò wọ bàtà. Ẹni tó jókòó láàárín gbé bọ́ọ̀lù aláwọ tí wọ́n fi okùn dí lẹ́nu lé orókún, wọ́n sì fi ẹfun kọ 1971 sí i lára. Nígbà tí a yọ ọ́ kúrò nínú férémù, ohun tí a bá lẹ́yìn rẹ̀ ni “ìdíje wa àkọ́kọ́.” Bàbá kò purọ́ o. Ọdún tí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù pọ̀, ọdún tí wọ́n sọ ẹgbẹ́ lórúkọ, àti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sínú ìdíje lè má jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àgbàlagbà, ẹ má ṣe bi í léèrè ọdún ní tààrà, torí ọ̀pọ̀ wọn yóò kàn fọwọ́ bù ú fún yín ni. Ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ wá bèèrè pé, “Bàbá, ẹ̀yin àti ta ni ẹ jọ wà nínú rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan náà?” Níwọ̀n bí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tó ń jáde ní Ojúde Ọba ti jẹ́ pé ìgbà tí a bí ènìyàn ni wọ́n fi ń pín in, ìdáhùn yẹn yóò jẹ́ kí ẹ mọ ọjọ́ orí àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sí ọdún bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun tí kò ṣeé gbàgbé: ṣé Ọba Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ Ìjẹ̀bú, ti gorí ìtẹ́ nígbà náà, èyí tó ṣẹlẹ̀ ní 1960? Ṣé ọwọ́ òsì ni mọ́tò ṣì ń gbà, èyí tó dópin ní 1972? Ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n fi ra jẹ́sì, àbí náírà tó dé ní 1973? Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ owó jẹ́sì kì í sábà jáni kulẹ̀.

Ẹ tún kíyè sí ẹgbẹ́ tó kú tó sì tún jí. Hereford United, ẹgbẹ́ kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi àmì ayò 2-1 na ẹgbẹ́ ńlá Newcastle ní 1972, di èyí tí ilé ẹjọ́ tú ká ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ sì dá Hereford FC sílẹ̀ dípò rẹ̀. Ní àdúgbò tiwa, ikú tàbí ìrìn àjò ẹni tó ń náwó ló sábà máa ń tú ẹgbẹ́ ká, tí àwọn ọ̀dọ́ mìíràn yóò wá gbé orúkọ náà dìde. Kí ẹ sọ bí ọdún òfo náà ti gùn tó. Ẹ má ṣe rán an pọ̀ bí ẹni pé kò sí.

Bí ìwé tiyín bá ti sọnù, ìtàn yín lè wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá gbá. Ní 1949, ikọ̀ Nàìjíríà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti bá àwọn ẹgbẹ́ tí kì í gba owó iṣẹ́ figagbága, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ lásán na ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Marine ní Crosby, lẹ́bàá Liverpool, ní 5-2. Teslim Balogun wà nínú ikọ̀ náà, ó sì padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1955 láti lọ bá Peterborough United, ẹgbẹ́ tí kò wọ líìgì ńlá títí di 1960. Ẹni tó ń tọpa irú ọmọ wa bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ìwé ìròyìn ìlú kékeré wọ̀nyẹn wò. Bákan náà ni kí ará Ìkẹ́nnẹ́ lọ béèrè ní Ṣàgámù, kí ó sì yẹ ìwé àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama wò. Remo Stars tó gba líìgì Nàìjíríà ní 2025 ní fídíò rẹpẹtẹ. Ẹgbẹ́ àdúgbò kò ní.

Ẹ má ṣe fi ìjákulẹ̀ pamọ́. Marine kan náà ló gba Tottenham, ẹgbẹ́ ńlá Lọ́ńdọ̀nù, lálejò ní oṣù Kìíní ọdún 2021, nígbà tí àrùn Kòrónà kò jẹ́ kí èrò wọ pápá. Wọ́n nà án ní 5-0, ṣùgbọ́n tíkẹ́ẹ̀tì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó tà, tí kò mú ẹnikẹ́ni wọ pápá, lé ní 30,000.

Nígbà tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ kà á sókè létí àwọn agbábọ́ọ̀lù àtijọ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Wọn yóò jà, àríyànjiyàn yẹn yóò sì bí orúkọ tuntun. Kí ẹ tó dá àwòrán wọn padà, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ gbogbo ènìyàn sẹ́yìn rẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún. Kì í ṣe báírò, torí pé yíǹkì rẹ̀ máa ń là kọjá sí ojú àwọn olóògbé.