Mo Ń Wá Igbà Akọpẹ, Àsìkò Ni Google Ń Kó Fún Mi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Igbà ni mo ń wá, èyí tí akọpẹ fi ń gun ọ̀pẹ. Mo tẹ “igba” sí Google, àmọ́ igba tó jẹ́ 200, ìgbà tó jẹ́ àsìkò àti igbá tí a fi ń bu omi ló kún ibẹ̀. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Nígbà tí ẹ tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ̀rọ ìwárí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ wá a káàkiri íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ti ṣe ìyẹn tẹ́lẹ̀. Ó ní ètò kan tó ń gba orí líǹkì kan bọ́ sí òmíràn, Googlebot ni ti Google ń jẹ́. Ohun tí ètò yìí bá kà ni wọ́n ń tò sínú atọ́ka, bí irú èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé: ọ̀rọ̀ kan, àti gbogbo ibi tó ti jẹ yọ. Atọ́ka yẹn lẹ ń bi léèrè, ẹ ò sì sọ fún un èyí tí ẹ ń fẹ́ nínú gbogbo “igba” tó wà níbẹ̀.

Bí ẹ tilẹ̀ fàmì sí i, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ̀rọ ń ka èyí tó lámì àti èyí tí kò lámì sí ọ̀kan náà, torí pé àwọn èèyàn kì í sábà tẹ àmì. Nínú èdè tiwa, ohùn ló ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, nítorí náà àwa ni wàhálà yìí kàn jù.

Ẹ wá ẹgbẹ́ fún ọ̀rọ̀ náà: “igbà akọpẹ gun ọ̀pẹ”, tàbí “igbà adẹ́mu”. Ojú-ìwé tó ń sọ̀rọ̀ àsìkò kò ní dárúkọ akọpẹ.

Ìbéèrè: Mo fi gbogbo àmì sí “ọ̀pẹ” dáadáa. Mo mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ náà wà nínú àpilẹ̀kọ kan, síbẹ̀ ìwárí kò rí i.

Ìdáhùn: Ẹ tẹ “ọ̀” sórí fóònù yín, kí ẹ wá tẹ bọ́tìnì ìpàrẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, àmì ohùn nìkan ló máa lọ, “ọ” á ṣẹ́ kù. Ohun tí ojú wa rí bíi lẹ́tà kan ṣoṣo, àkópọ̀ ni lójú kọ̀ǹpútà. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà gbogbo èdè, ní kóòdù kan fún “ọ”, kò ní ẹyọ kan fún “ọ̀”. Ẹnì kan lè to “ọ” mọ́ àmì ohùn, ẹlòmíràn lè to “ò” mọ́ àmì ìsàlẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá dáa mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Wàhálà gan-an wà lọ́dọ̀ àwọn tó fi ìlà kékeré sábẹ́ lẹ́tà dípò àmì kékeré tó rí róbótó, torí kóòdù mìíràn pátápátá nìyẹn. Ẹ wá a lẹ́ẹ̀mejì: pẹ̀lú àmì, àti láìlámì.

Ìbéèrè: Èsì àkọ́kọ́ ńkọ́? Ṣé òun ló tọ̀nà jù?

Ìdáhùn: Rárá. Lọ́dún 1998, Larry Page àti Sergey Brin ṣàlàyé PageRank, ìyẹn ọgbọ́n tí wọ́n fi ń ka líǹkì tó wá láti ojú-ìwé mìíràn bí ìjẹ́rìí. Nǹkan púpọ̀ ti kún un láti ìgbà náà, àmọ́ líǹkì ṣì ń ṣiṣẹ́. Òkìkí nìyẹn ń wọ̀n. Ojú-ìwé Yorùbá tó péye, tí ẹnikẹ́ni kò fi líǹkì tọ́ka sí, lè wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìpolówó tí wọ́n sanwó fún náà sì máa ń wà lókè.

Ìbéèrè: Àkópọ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kọ sókè èsì sọ fún mi pé igbá ìmumi ni igbà.

Ìdáhùn: Ẹ má gbà á. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń to ọ̀rọ̀ tó jọ pé ó yẹ kó tẹ̀ lé ara wọn ni, ohun tó sì rí kà ní Yorùbá kéré. Ẹ ṣí líǹkì tó fi sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ fojú ara yín kà á.

Ìbéèrè: Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Kò sí.

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ pé ó wà níbi tí Googlebot kò lè wọ̀: inú WhatsApp, inú ẹgbẹ́ Facebook tí wọ́n tì, tàbí nínú ìwé tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lásán. Ó sì lè jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò tíì kọ ọ́ rárá. Bí akọpẹ kan bá wà ládùúgbò yín, ẹ lọ kí i. Ẹ ní kó fi bó ṣe ń so igbà náà yí ara rẹ̀ àti igi ká hàn yín, ẹ bi í ní orúkọ kókó tó ta. Kí ẹ ya àwòrán rẹ̀, bó bá gbà fún yín, kí ẹ sì kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà gidi, pẹ̀lú àmì ohùn lórí gbogbo ọ̀rọ̀. Bí ẹ bá ti gbé e sórí ìkànnì yín, ẹ fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ nípasẹ̀ Google Search Console, ìyẹn irinṣẹ́ Google fún àwọn tó ní ìkànnì, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ tẹ “site:”, kí ẹ lẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà mọ́ ọn, kí ẹ wò ó bóyá ó ti wọ atọ́ka.