Bí mo ṣe kọ ìtàn Gabriele Tarquini fún ètò ìṣẹ́jú mẹ́ta

Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n fún mi lórí rédíò láti sọ ìtàn Gabriele Tarquini, ọmọ Ítálì tó di àgbà awakọ̀ nídìí eré-ìje ọkọ̀ touring, ìyẹn irú ọkọ̀ tí à ń wà lójú títì, tí wọ́n tún ṣe fún eré. Gbogbo ife tó gbà ni mo kọ́kọ́ tò sílẹ̀. Mo kà á sétí ìyàwó mi. Ó ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ ti ka ife tán, mi ò tíì mọ ẹni tó gbà á.”

Òótọ́ ló sọ. Mo fa ìwé ya, mo bẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.

Formula One, eré-ìje ọkọ̀ tó ga jù lọ lágbàáyé, ni Tarquini ti ń jìyà kó tó rí ọ̀nà. Láyé ìgbà yẹn ọkọ̀ pọ̀ ju àyè lọ, nítorí náà wọ́n ń kó àwọn ẹgbẹ́ tuntun àtàwọn tí èsì wọn ò dáa jọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì fún wákàtí kan. Mẹ́rin tó bá yá jù ló ń wọlé. Àwọn tó kù á di ẹrù wọn, wọ́n á máa lọ sílé. Kí ni kí n wá pe nǹkan yìí lédè wa? Orúkọ tí mo kọ́kọ́ fún un le létí bí òkúta. Ọjọ́ kejì ni mo rántí JAMB: ìdánwò àbáwọlé ni! Ìgbà 25 ni Tarquini kùnà rẹ̀, kò sí awakọ̀ tó kùnà tó bẹ́ẹ̀. Póìǹtì kan ṣoṣo ló rí mú ní Formula One, ní Mẹ́síkò ní 1989.

Lẹ́yìn èyí ni mo wá jẹ́ kí àwọn ife máa bọ̀: Ìlú Ọba ní 1994 pẹ̀lú ọkọ̀ Alfa Romeo, Yúróòpù ní 2003. Ní 2009, lẹ́ni ọdún 47, ó gba ife àgbáyé ní Macau, ó fi póìǹtì mẹ́rin ju Yvan Muller tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ SEAT. Ní 2018, ní Macau yìí kan náà, ó tún fi póìǹtì mẹ́ta ju Muller, ó sì ti pé ẹni ọdún 56!

Ó ṣì gùn jù. Mo gé ìjà ti 1994 ní Oulton Park, pápá eré-ìje kan ní Ìlú Ọba, nígbà tí ẹgbẹ́ Alfa Romeo palẹ̀ mọ́ kúrò nítorí àríyànjiyàn lórí ìyẹ́ tó wà lára ọkọ̀ wọn. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí mo kà á tán lórí afẹ́fẹ́, atọ́kùn ètò dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà mélòó lẹ pè é?”

Mo tún un sọ: “Ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.”