Bí A Ṣe Ń Kópa Nínú Ẹgbẹ́ Ìjíròrò Orí Ímeèlì

Bí ẹgbẹ́ ìjíròrò orí ímeèlì ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le rárá. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń kọ̀wé sí, lẹ́tà tí ẹnì kan bá sì fi ránṣẹ́ síbẹ̀ yóò dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn yòókù. Ọdún 1986 ni Eric Thomas kọ LISTSERV, ètò kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ fífi orúkọ sílẹ̀ àti yíyọ orúkọ kúrò lọ́wọ́ alábòójútó, tó sì ń ṣe é fúnra rẹ̀. Títí di òní, àwọn tó ń tún rédíò àtijọ́ ṣe, àwọn tó ń wo ẹyẹ àti àwọn tó ń fi kámẹ́rà onífíìmù ya àwòrán ṣì ń jíròrò lọ́nà yìí, nítorí pé ìbéèrè àti ìdáhùn wọn ń wà ní ìpamọ́ níbi tí ẹni tí yóò nílò wọn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ti lè rí wọn. Ẹni ọjọ́ iwájú yẹn ṣe pàtàkì gan-an lójú mi, òun sì ni púpọ̀ nínú àwọn ìlànà ìsàlẹ̀ yìí wà fún.

Fífi orúkọ sílẹ̀

Ẹ kọ àdírẹ́sì ímeèlì yín sí ojú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà, tàbí kí ẹ kọ lẹ́tà sí àdírẹ́sì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Lẹ́tà kan yóò dé láti béèrè bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ fẹ́ wọlé. Ẹ tẹ líǹkì inú rẹ̀ tàbí kí ẹ dá a lóhùn, nítorí bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ yín kò ní wọlé. Wọ́n ṣètò rẹ̀ báyìí kí ẹnikẹ́ni má baà fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí lẹ́tà náà kò bá hàn, ẹ wo inú Spam.

Ẹ tọ́jú lẹ́tà ìkíni-káàbọ̀ tó máa tẹ̀ lé e. Àdírẹ́sì méjì ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀: ọ̀kan fún ìjíròrò, èkejì fún àṣẹ tí a ń pa fún kọ̀ǹpútà, gẹ́gẹ́ bíi dídá lẹ́tà dúró fún ìgbà díẹ̀ tàbí kíkúrò nínú ẹgbẹ́. Ẹni tó bá kọ “ẹ yọ orúkọ mi kúrò” sí àdírẹ́sì ìjíròrò ti kọ ọ́ sí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí wọn kò ní agbára láti yọ ọ́, orúkọ rẹ̀ yóò sì ṣì wà níbẹ̀.

Wọ́n tún lè béèrè bóyá ẹ fẹ́ gba lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń dé, tàbí kí wọ́n di ti ọjọ́ kan pọ̀ sójú kan. Àdìpọ̀ dára fún ẹni tó fẹ́ kà nìkan. Ẹni tó bá ní i lọ́kàn láti máa dáhùn, ti ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ó mú, nítorí pé ìdáhùn tí a bá fún àdìpọ̀ kò ní so mọ́ ìbéèrè tí a ń dáhùn. Bí àwọn lẹ́tà bá ń pọ̀ jù, ẹ ṣètò àpótí ímeèlì yín kí ó máa kó gbogbo ohun tó bá ti àdírẹ́sì ẹgbẹ́ wá sínú àpò ọ̀tọ̀.

Kí ẹ tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́

Ìwé ìlànà ìwà ọmọlúàbí lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1995, èyí tí wọ́n ń pè ní RFC 1855, gbà wá níyànjú pé kí a ka lẹ́tà ẹgbẹ́ fún oṣù kan sí méjì kí a tó kọ ohunkóhun. Lójú tèmi, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó fún ẹgbẹ́ kékeré, bí ẹ bá ṣáà ti wá ọ̀rọ̀ tó kàn yín nínú àwọn lẹ́tà ìpamọ́ kí ẹ tó béèrè. Ẹ ó rí i bóyá ìbéèrè yín ti ní ìdáhùn, ẹ ó sì mọ àwọn àgbà ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ wọn ní láárí.

Bíbéèrè ìbéèrè

Níbí ni iṣẹ́ wà jù. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí kámẹ́rà Pentax K1000 rẹ̀ kò ka ìmọ́lẹ̀ mọ́. Bí ó bá kọ “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí” sí àkọlé lẹ́tà rẹ̀, ẹni tó mọ kámẹ́rà náà dáadáa lè má ṣí i, ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìpamọ́ kò sì ní rí i láéláé. Àkọlé tó yẹ ni: “Pentax K1000: abẹ́rẹ́ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kò mì lẹ́yìn tí mo pààrọ̀ bátìrì”. Orúkọ ohun náà ni kí ó ṣáájú, kí àìsàn rẹ̀ tẹ̀ lé e.

Nínú lẹ́tà, kí ó sọ ohun tó rí àti ohun tó ti gbìyànjú: pé bátìrì LR44 tuntun ni ó fi sí i, ibi tí ojú bátìrì náà kọ sí, pé ó ti nu ìdérí bátìrì náà mọ́, àti pé ó kọjú kámẹ́rà sí fèrèsé ní ọ̀sán. Kí ó sì fi kún un pé kámẹ́rà náà wà lórí tábìlì fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìní ìdérí lẹ́ǹsì. Gbólóhùn tó dà bí ẹni pé kò ṣe pàtàkì yìí lè yanjú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé K1000 kò ní bọ́tìnnì tí a fi ń pa ẹ̀rọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ìdérí lẹ́ǹsì ló ń dáàbò bo bátìrì, nítorí pé ẹ̀rọ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ fa iná nínú òkùnkùn. Ẹni tó mọ̀ yóò ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ kó tó ka lẹ́tà náà tán.

Ìbéèrè kan ni kí ó wà nínú lẹ́tà kan. Bí ẹ bá sì ní ọ̀rọ̀ tuntun, ẹ kọ lẹ́tà tuntun. Ẹ má ṣe ṣí lẹ́tà àtijọ́ kí ẹ sì kàn yí àkọlé rẹ̀ padà, nítorí pé ímeèlì ń gbé àmì kan tí ojú kò rí, tó ń sọ lẹ́tà tí ó jẹ́ ìdáhùn fún. Àkọlé lè yí padà, àmì náà kò ní yí, ìbéèrè yín yóò sì lọ fara pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

Dídáhùn

Kí ẹ tó tẹ Reply, ẹ wo àdírẹ́sì tí lẹ́tà ń lọ. Nínú ẹgbẹ́ kan, ìdáhùn ń lọ sọ́dọ̀ gbogbo ènìyàn. Nínú òmíràn, ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ̀wé nìkan ni yóò lọ. Ọ̀rọ̀ àṣírí púpọ̀ ló ti tú sí gbangba nítorí àìwo ìlà kan yìí. Ìmọ̀ tó lè ran ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́. “Ẹ ṣeun” nìkan, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ṣoore.

Ẹ fi ìwọ̀nba gbólóhùn tí ẹ ń dáhùn sílẹ̀, kí ẹ pa ìyókù rẹ́, kí ẹ sì kọ ìdáhùn yín sábẹ́ rẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọjá lórí ojú ewé mẹ́ta kó tó kan “bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà”. Ní ti àwòrán, ẹ dín in kù kí ẹ tó so ó mọ́ lẹ́tà, nítorí pé fáìlì ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta tóbi sí i nígbà tí ímeèlì bá ń gbé e. Ẹ sì fi ọ̀rọ̀ ṣàpèjúwe ohun tó wà nínú rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìpamọ́ kì í tọ́jú àwòrán. Nọ́ńbà fóònù àti àdírẹ́sì ilé kò yẹ nínú lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni lè kà. Bí ẹ bá ń rìnrìn àjò, ẹ dá lẹ́tà ẹgbẹ́ dúró, kí ìdáhùn aládàáṣe yín má baà máa wọ ẹgbẹ́ ní gbogbo ìgbà.

Lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá yanjú

Ẹ padà wá sọ ohun tó yanjú rẹ̀, kódà bó bá jẹ́ nǹkan kékeré. Ìbéèrè tí a kò padà sọ ìparí rẹ̀ ń dun ẹni tó wá a kàn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bí ẹni mẹ́fà bá dá yín lóhùn, ẹ kó èrò wọn jọ sínú lẹ́tà kan, kí ẹ sọ èyí tó ṣiṣẹ́, kí ẹ sì dárúkọ ẹni tó mú un wá.

Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ alábòójútó bóyá ẹ̀dà ìpamọ́ wà níbòmíràn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, Yahoo kéde pé òun yóò pa ohun tó wà nínú Yahoo Groups, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ báyìí ti ń jíròrò, rẹ́, nígbà tó sì di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ó ti iṣẹ́ náà pa pátápátá. Àwọn ẹgbẹ́ tí ẹnì kan ti gba ẹ̀dà lẹ́tà wọn sílẹ̀ kó ìmọ̀ wọn lọ síbi tuntun. Bí alábòójútó bá ní kò sí ẹ̀dà, ẹ yọ̀ǹda ara yín láti máa gba ọ̀kan pamọ́ lóṣooṣù.