Ẹ má gbàgbé ìràwọ̀ (àmì `*`) tí ẹ bá ń pe function
Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kọ Python, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyè sí èyí. Tí ẹ bá kọ `def ka(*oruko): return len(oruko)`, iye orúkọ tó bá wù yín lẹ lè fún un, inú tuple kan (àkójọ tí a kò lè yí padà) ni gbogbo wọn ń wọ̀, `len` á sì ka iye wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé inú list kan tó ń jẹ́ `akojo` ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀, ẹ má kọ `ka(akojo)`. Odidi list náà á wọlé bí ẹyọ kan, 1 sì ni èsì, ìbáà jẹ́ 1000 orúkọ ló wà níbẹ̀. Python ò ní sọ pé àṣìṣe wà, ìyẹn ló léwu jù lójú tèmi. `ka(*akojo)` ni kí ẹ kọ, ìràwọ̀ yẹn á tú list náà sí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún dán `ka()` wò láìfi nǹkan kan sínú rẹ̀: tuple òfìfo ló máa gbà, bí ẹ bá sì lo `max` (tó ń wá èyí tó tóbi jù) lórí irú tuple bẹ́ẹ̀, àṣìṣe tí wọ́n ń pè ní ValueError lẹ máa rí.