Má fi "a dúpẹ́" dá health visitor lóhùn: ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ ní Ìlú Ọba

Fọ́ọ̀mù náà kò ju ojú ìwé kan lọ. Ìbéèrè mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀, ìdáhùn mẹ́rin sì wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Health visitor, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń wá wo ìyá àti ọmọ nílé, fún mi ní bírò, ó ní kí n fara balẹ̀ kà á. Ọmọ mi ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo ti sunkún ní bálùwẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Mo ṣí omi gbígbóná sílẹ̀ kí ọkọ mi tó ti ibi iṣẹ́ òru dé má baà gbọ́ mi, mo sì jókòó sórí ilẹ̀ títí omi náà fi di tútù. Síbẹ̀, ìdáhùn tó dára jù ni mo fàmì sí nínú gbogbo ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Nígbà tó bi mí pé báwo ni nǹkan, mo rẹ́rìn-ín, mo ní a dúpẹ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo tún fi jẹ̀yà lẹ́yìn ìyẹn.

Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Ẹni tó bá kí ọ, a dúpẹ́ ni wàá fi dá a lóhùn, ì báà jẹ́ pé iná ń jó ọ lábẹ́ aṣọ. Nílé, kò burú, torí ẹni tó kí ọ kò ní í lọ. Ìyá rẹ á jókòó, á wo ojú rẹ, á gba ọmọ, á wẹ̀ ẹ́, á gbé ẹ̀kọ gbígbóná síwájú rẹ, á sì fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ara ọmọ òun kò yá. Níbí, ohun tí o bá fẹnu ara rẹ sọ ni wọ́n máa kọ, ohun tí wọ́n bá kọ ni wọ́n máa ṣe. Bí o bá ní o wà dáadáa, wọ́n á gbà ọ́ gbọ́, ìlẹ̀kùn á sì tì. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ìyá ìkókó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí mọ̀ kí wọ́n tó bímọ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin ló máa ń sunkún láìnídìí ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta tí wọ́n bímọ. Oorun kò sí, ara ń dùn wọ́n, àwọn èròjà tó gbé oyún ró nínú ara sì já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn kì í ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, á sì lọ fúnra rẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ kì í lọ bẹ́ẹ̀. Ó lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà láàárín ọdún kan tí o bímọ, NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, sì sọ pé ó ń mú ju obìnrin kan lọ nínú mẹ́wàá. Oorun á kọ̀, kódà bí ọmọ bá sùn. Oúnjẹ á korò lẹ́nu. Ìwọ àti ọmọ á dà bí àlejò sí ara yín, tàbí kí ẹ̀rù máa bà ọ́ ṣáá pé nǹkan fẹ́ ṣe é. Ti èmi, ìbínú ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni orí mi wá dà bí ilé tí wọ́n pa iná rẹ̀. Mo rántí ọjọ́ kan tí mo ká aṣọ ọmọ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo tú u, mo tún un ká, mo tún tú u, nítorí mi ò mọ ohun tó kàn láti ṣe. Nígbà tí ọkọ mi dé, aṣọ kan náà ni mo ṣì ń ká.

Wọn ò fún ìyá mi ní físà. Lórí fóònù ló ti ń kí mi, "Àdùkẹ́, ṣé ọmọ ń mu ọyàn? Ṣé ó ń sùn?" Ọmọ ni gbogbo ayé ń béèrè. Lọ́jọ́ tí mo gbìyànjú láti sọ díẹ̀ fún àǹtí mi kan, ó ní, "Àìmọye èèyàn ló ń gbààwẹ̀ nítorí ọmọ, ìwọ tí Ọlọ́run fún, o ń sunkún?" Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló pa mí lẹ́nu mọ́ jù. Bí o bá ní àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, jọ̀wọ́, má sọ ọ́ fún un láé. Ẹni tí ibà mú, a kì í bi í pé ṣé kò moore ni.

Ó yá, báwo ni ètò wọn ṣe ń lọ? Agbẹ̀bí á máa wá wò ọ́ nílé títí di nǹkan bí ọjọ́ kẹwàá. Lẹ́yìn náà ni yóò fi ọ́ lé health visitor lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì tàbí agbẹ̀bí tó tún kọ́ ẹ̀kọ́ lórí ìtọ́jú ọmọdé àti ìyá ni health visitor. Kì í ṣe wéfíà, kì í sì í ṣe ọlọ́pàá. Láàárín ọjọ́ 10 sí 14 ló sábà máa ń wá lẹ́yìn ìbímọ, á tún wá nígbà tí ọmọ bá pé ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, lẹ́yìn ìyẹn ó di bí oṣù 9 sí 12. Kò di dandan kí o dúró de ọjọ́ tó máa wá. Nọ́ńbà fóònù wọn sábà máa ń wà nínú ìwé pupa tí wọ́n fún ọ fún ọmọ. O lè pè wọ́n nígbà tí nǹkan bá yí padà. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò tí o forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, náà á pè ọ́ fún àyẹ̀wò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Má jẹ́ kí ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn tán sórí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ àti ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ. Ti ọkàn rẹ wà lára ohun tí àyẹ̀wò náà wà fún.

Fọ́ọ̀mù tí mo parọ́ sí yẹn, Edinburgh Postnatal Depression Scale ni wọ́n ń pè é. Ó ti wà láti ọdún 1987. Bí o ṣe wà ní ọjọ́ méje tó kọjá ló ń béèrè: ṣé o ṣì lè rẹ́rìn-ín, ṣé o ń dá ara rẹ lẹ́bi láìnídìí, ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́, ṣé ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí o sùn. Máàkì 0 sí 3 ni fún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 30. Bí ó bá di 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmì ni fún wọn pé ó ṣeé ṣe kí àìsàn yìí ti wọlé. Ìbéèrè kẹwàá ń béèrè bóyá ó ti wá sí ọ lọ́kàn láti pa ara rẹ lára. Bí òótọ́ bá ni, kọ òótọ́ síbẹ̀, ohun yòówù kí àpapọ̀ yòókù jẹ́.

Bí ojú bá ń tì ọ́ láti sọ̀rọ̀, kọ ọ́ sínú fóònù rẹ kí o sì nà án sí wọn. Gbólóhùn kúkúrú kan wà tí gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera níbí mọ ìtumọ̀ rẹ̀: "I'm not coping", ìyẹn ni pé apá mi kò ká a mọ́. Ó wúlò ju àlàyé gígùn lọ, ó sì wúlò fún akọ̀wé GP tó máa gbé fóònù ní aago mẹ́jọ àárọ̀ pẹ̀lú. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì bá ń ṣe ọ́ bákan, sọ pé ògbufọ̀ Yorùbá lo fẹ́. NHS ló máa wá a, wọn ò ní í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Má jẹ́ kí ọkọ rẹ tàbí ará ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ògbufọ̀ fún ọ lórí ọ̀rọ̀ yìí; àwọn nǹkan kan wà tí o kò ní í lè sọ lójú wọn.

Mo mọ ohun tó ń já ọ láyà, torí òun ló já èmi náà. O ń bẹ̀rù pé wọ́n á gba ọmọ. Wọn kì í torí pé ìyá ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ ni láti ràn yín lọ́wọ́ kí ẹ lè wà pọ̀. Kódà, fún ìyá tí ara rẹ̀ kò yá gan-an, àwọn ọsibítù kan ní ibi tí wọ́n ń pè ní mother and baby unit, níbi tí ìyá àti ọmọ ti ń gbé pọ̀ títí ara ìyá á fi yá. O tún ń bẹ̀rù físà. Gbígba ìtọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lọ́dọ̀ GP kì í ba físà jẹ́. Owó ìlera tí wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ pẹ̀lú físà, tó jẹ́ £1,035 lọ́dún fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láti oṣù kejì ọdún 2024, ìtọ́jú yìí wà lára ohun tó sanwó fún. GP ní tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ẹni tó ń gbé ìlú yìí, wọn ò sì gbọdọ̀ lé ọ padà nítorí pé o kò ní ìwé àdírẹ́sì tàbí ìwé ìgbélùú.

Ìtọ́jú wo ni wọ́n á fún ọ? Ọ̀rọ̀ sísọ ni àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ní ilẹ̀ England, o lè fi orúkọ ara rẹ sílẹ̀ ní NHS Talking Therapies lórí íntánẹ́ẹ̀tì, láìgba ọ̀dọ̀ GP. Sọ fún wọn pé ìyá ìkókó ni ọ́, torí wọ́n sábà máa ń fi irú wa ṣíwájú nínú ìlà. Ní Scotland àti Wales, ọ̀dọ̀ GP ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Bí àìsàn náà bá wúwo, wọ́n á fà ọ́ lé àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ aláboyún àti ìyá ìkókó lọ́wọ́. GP lè kọ oògùn fún ọ. Sọ fún un pé o ń fún ọmọ lọ́yàn, torí àwọn oògùn kan wà tí ìyá lè lò bó ṣe ń fún ọmọ lọ́yàn. Sertraline ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà má ṣe dá a dúró fúnra rẹ, má sì ṣe fi àgbo pọ̀ mọ́ ọn láìsọ fún dókítà. Ní England, ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pé ọdún kan kì í sanwó oògùn, bí ó bá ti gba ìwé ẹ̀rí maternity exemption. Agbẹ̀bí tàbí GP ló máa bá ọ gbà á.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi falẹ̀. Àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n, wọ́n tiẹ̀ ní orúkọ fún un: abísínwín. Kò wọ́pọ̀ bíi ti ìrẹ̀wẹ̀sì, ṣùgbọ́n kíá ló máa ń dé, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyá ọmọ kò ní í sùn, kò sì ní í rẹ̀ ẹ́. Á máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, á máa sọ̀rọ̀ bíi pé wọ́n ń lépa òun tàbí pé ọmọ náà kì í ṣe ọmọ lásán. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì, tàbí kí ẹ gbé e lọ sí A&E (ẹ̀ka pàjáwìrì ní ọsibítù) lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ̀lú ọmọ. Àdúrà dára, èmi náà gbà á lọ́sàn-án lóru, ṣùgbọ́n ẹ máa gbà á nínú mọ́tò bí ẹ ṣe ń lọ sí ọsibítù. Ìtọ́jú wà fún un, ọ̀pọ̀ ló sì ń gbádùn pátápátá. Bó bá jẹ́ ìwọ fúnra rẹ ni èrò ikú ń wá sí lọ́kàn, pe 111, nọ́ńbà NHS, kí o tẹ 2, o sì lè pe àwọn Samaritans, àjọ tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn èèyàn, lórí 116 123, tọ̀sán-tòru, lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ó bá ti di pé o fẹ́ ṣe é, 999 ni.

Dókítà kò lè dípò ìyá tí kò rí físà gbà, ìdí nìyẹn tí o fi gbọ́dọ̀ wá èèyàn. Àjọ aláàánú Home-Start wà ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ á máa wá sílé rẹ, bóyá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, láti bá ọ jókòó, láìgba owó. The Motherhood Group, tí Sandra Igwe dá sílẹ̀ ní London, ń kó àwọn ìyá aláwọ̀ dúdú jọ, o kò ní í máa ṣàlàyé ara rẹ látìbẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Àjọ aláàánú PANDAS náà wà, ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn òbí tuntun ni iṣẹ́ wọn. Ní ti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláṣí, wọ́n á fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n aṣọ ọmọ ni wọ́n máa gbé wá bí o kò bá sọ ohun tí o fẹ́. Sọ ọ́: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi gbé ọmọ fún wákàtí méjì kí n sùn." Mi ò tíì rí ìyá ìjọ tó kọ ìyẹn.

Ọmọ mi ti lé ní oṣù mẹ́rin nígbà tí mo gbé e lọ wọ̀n. Nọ́ọ̀sì tó wà nídìí òṣùwọ̀n ní ọmọ ń dàgbà dáadáa, ó ní, ìyá rẹ̀ ńkọ́? Mo ya ẹnu láti sọ pé a dúpẹ́, omi ló bọ́ lójú mi. Wọ́n tún fún mi ní fọ́ọ̀mù yẹn. 19 ni mo gbà. Nọ́ọ̀sì kò pariwo, kò wò mí bákan. Ó gbé ọmọ lé èjìká rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì pe GP mi.

Bí ọmọ rẹ bá ti ń rá, tàbí tó tiẹ̀ ti ń rìn, tí o sì ń ka èyí, o kò tíì pẹ́. Health visitor wà fún ilé rẹ títí ọmọ yóò fi pé ọdún márùn-ún. Wo ìwé pupa, nọ́ńbà wọn yẹ kó wà níbẹ̀. Bí o kò bá rí i, pe GP láàárọ̀ ọ̀la kí wọ́n fún ọ.